Ilé Páànù Ẹ̀yìn Ìdíkọ̀

"Ta ló gbé òrùka balùwẹ̀ lọ?"

Ohùn àbúrò mi gba gbogbo ilé kan ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó dúró lẹ́nu balùwẹ̀, aṣọ ìnura léjìká, ọṣẹ lọ́wọ́, garawa omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi dúró sẹ́yìn rẹ̀, ayálégbé yàrá iwájú dúró sẹ́yìn mi, gbogbo wa sì ń wo ìṣó tó ṣófo lára ògiri bí ẹni ń wo ojú ọ̀run fún òjò.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Balùwẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nílé wa, bẹ́ẹ̀ Bàbá Àgbà, ìyẹn bàbá tó bí èmi àti àbúrò mi, fi ìgbà èwe àti ìgbà àgbà wọn ṣiṣẹ́ rélùwéè. Àwọn ló máa ń na àsíá sí ọkọ̀ ojú irin pé kó máa bọ̀ tàbí kó dúró. Láyé ìgbà yẹn, ojú irin kan ṣoṣo ni ọkọ̀ tó ń lọ àti ọkọ̀ tó ń bọ̀ jọ ń gbà. Kí méjì má baà forí sọ ara wọn lójú ọ̀nà, òrùka irin kan wà. Awakọ̀ tí òrùka yẹn kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò ní ìdíkọ̀, ì báà jẹ́ ọba ló gbé. Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì, wọ́n kó òfin yìí wọ ilé wa. Wọ́n fi igi gbẹ́ òrùka, wọ́n sì fi kọ́ ẹnu balùwẹ̀. Ẹni tó bá mú òrùka ló ni balùwẹ̀, ẹni tí kò bá rí i mú, kó lọ jókòó. Ó ti wá mọ́ wa lára débi pé bí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tiẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sẹ́ni tó máa wọbẹ̀ láìsí òrùka.

"Ọmọ rẹ ló wẹ̀ kẹ́yìn," ni mo sọ fún àbúrò mi. "Lọ béèrè lọ́wọ́ Ìjì."

Ìjì ti lọ sílé ẹ̀kọ́, ó sì ti fi ìkánjú ju òrùka balùwẹ̀ sínú báàgì ìwé rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, èmi àti àbúrò mi fi omi pa ojú lásán lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa. Bàbá Àgbà nìkan ló rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn ti wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àwa la sọ ọmọ náà ní Ìjì. Kí ẹ tó sọ pé "jókòó", ó ti dé ìta. Kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ dé ìdajì, ó ti dáhùn, ìdáhùn náà á sì jẹ́ ti ìbéèrè mìíràn. Ọmọ dáadáa ni, ó gbọ́n, ó lójú àánú, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Láti kékeré ló ti ń bi wá pé báwo ni òkun ṣe rí. Nínú wa, kò sẹ́ni tó rí òkun rí, nítorí náà, irọ́ oríṣiríṣi la ti pa fún un.

Ohun tó ń lé e ní àárọ̀ ọjọ́ náà nìyí. Ìjọba ti la ojú irin tuntun dé etí ìlú wa, ó sì fẹ́ tún ìdíkọ̀ rélùwéè àtijọ́ ṣe, kó sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Olùkọ́ ìtàn wọn wá kéde ìdíje kan: kí àwọn ọmọ lọ wádìí bí ìdíkọ̀ àkọ́kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nílùú yìí. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dára jù máa jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin tuntun lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ gbéra lọ sí etí òkun.

"Àǹtí, etí òkun!" Ìjì pariwo bó ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ń fò sókè láàárín aṣọ tí a ti gé sílẹ̀.

"Má tẹ aṣọ oníbàárà mọ́lẹ̀," ni ìyá rẹ̀ sọ. "Òrùka balùwẹ̀ dà?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdíkọ̀ náà. Ilé méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni Ilé Òkúta, tó ga, tó ní òpó ńlá àti àtẹ̀gùn tó fẹ̀, pẹ̀lú aago gìrìwò kan lára ògiri tí ọwọ́ rẹ̀ ti já bọ́. Ìkejì wà lẹ́yìn rẹ̀, ilé gbọọrọ kan tí wọ́n fi páànù bò láti òkè délẹ̀, tó ti dípẹtà. Ewúrẹ́ ló ń sá òjò sábẹ́ rẹ̀. Ilé Páànù là ń pè é, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ìjọba fẹ́ mọ̀ ni èwo nínú méjèèjì ni ìdíkọ̀ àkọ́kọ́, torí pé ìyẹn nìkan ni wọ́n máa tún ṣe.

Nínú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́, Bàbá Àgbà nìkan ló kù láyé. Ẹ ò rí i pé ìdíje ti bọ́ sọ́wọ́ Ìjì? Ó kàn ní láti jókòó gbọ́ ni. Àmọ́ ìjókòó gan-an ni wàhálà.

"Ọ̀rọ̀ ìdíkọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń sọ lórí àga," ni Bàbá wí. Wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n mú Ìjì lọ́wọ́, ó di ìdíkọ̀ àtijọ́. Wọ́n jókòó sórí pèpéle tí àwọn èrò máa ń dúró sí láyé àtijọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí igbó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n sọ nípa àwọn tó wọn ilẹ̀, àwọn tó gé igi, àwọn tó gbé irin léjìká títí awọ ibẹ̀ fi bó.

"Bàbá," ni Ìjì dá wọn lẹ́nu, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, "ilé méjèèjì yìí, èwo ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́?"

"À ń bọ̀ níbẹ̀. A ò tíì gé igbó tán."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé etí odò. Bàbá ń sọ bí afárá ṣe wó lẹ́ẹ̀kan àti bí wọ́n ṣe tún un kọ́. Ìjì ń wo òkè, ó ń wo ilẹ̀, ó ń já koríko, ó ń tu ìdè bàtà rẹ̀, ó ń dè é padà.

"Bàbá, ṣé a ò lè fo odò yìí?"

"Ọkọ̀ ojú irin wo lo mọ̀ tó ń fo odò?" ni Bàbá dá a lóhùn. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba."

"Bàbá, mò ń bọ̀," ni Ìjì wí. Ó dìde, ó lọ. "Mò ń bọ̀" yẹn ni a ń wí, kò padà wá. Bàbá jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, wọ́n tún ọ̀pá wọn mú, wọ́n dá wálé. Mo bi wọ́n pé Ìjì ńkọ́, wọ́n ní ó ń bọ̀.

Ọ̀dọ̀ ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ló gbà lọ, tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà torí pé kò sí ẹjọ́ tí kò lè rò. Ìjì fúnra rẹ̀ ló padà sọ gbogbo ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ fún mi.

"Bàbá mi àgbà ò tíì sọdá odò," ló ráhùn. "Ìdíje ti sún mọ́lé. Mi ò ní rí òkun mọ́ láyé mi."

"Kí ló ń dà ọ́ láàmú?" ni Lọ́yà wí. "Ilé Òkúta kọ́ ni gbogbo ayé ń wò? Sọ pé òun ni àkọ́kọ́, kí o fi iyọ̀ sí i. Òkú wo ló máa jáde nínú sàréè wá bá ọ jiyàn?"

"Bí wọ́n bá bi mí pé ta ló sọ fún mi ńkọ́?"

"Ìwọ náà! Bàbá rẹ àgbà ńkọ́? Ní àwọn ló sọ ọ́. Ta ló máa ní kí bàbá arúgbó wá búra?"

Ìjì ní òun rò ó wò títí. Mo mọ Ìjì, "títí" rẹ̀ kò lè ju ìgbà tí èèyàn á fi sín lọ.

Ẹ wá wo ọjọ́ ìdíje. Gbọ̀ngàn kún. Àwa òbí jókòó sẹ́yìn. Ọkùnrin ẹnjiníà tí ìjọba gbé iṣẹ́ ìdíkọ̀ náà fún jókòó níwájú pẹ̀lú olùkọ́ ìtàn. Bàbá kò wá torí pé orúnkún ń dùn wọ́n. Nígbà tó kan Ìjì, ó gun orí pèpéle, ó gbé ohùn sókè:

"Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ wọ ìlú yìí, ìyàwó kan tó wọ aṣọ funfun jókòó sórí àtẹ̀gùn Ilé Òkúta, ó ń retí ọkọ rẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe fọn fèrè báyìí, ni aago ńlá ara ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ni ìtàn ìdíkọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ní ti Ilé Páànù, ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n tó kàn án pọ̀, kí wọ́n lè máa rí ibi kó ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì sí. Bàbá mi àgbà ló fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi."

Ìyàwó wo? Aago wo? Kí ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó aláṣọ funfun yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ mú èmi gan-an sunkún níbi tí mo jókòó sí. Gbogbo èèyàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìjì ló gba ipò kìn-ín-ní. Ìyá rẹ̀ gbé e mọ́ra níwájú gbogbo èèyàn, ó ní òun máa rán aṣọ tuntun fún un, tí àwọ̀ rẹ̀ máa bá ti òkun mu.

Ẹyin lohùn. Kò pẹ́ sí i, ẹnjiníà náà wá sílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Èmi ń ṣẹ́ etí aṣọ lójú fèrèsé, àbúrò mi ń lọ aṣọ. Bàbá wà lórí àga wọn. Ìjì gbé omi wá fún àlejò.

"Ẹ kú ìsinmi, bàbá," ni ẹnjiníà wí, ó sì tẹrí ba dáadáa, ọmọlúàbí ni. "Ọmọ yín sọ fún wa pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ pé Ilé Òkúta ni ìdíkọ̀ àkọ́kọ́, àti pé Ilé Páànù kò já mọ́ nǹkan kan. Mo ní kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín ká tó fọwọ́ kan ohunkóhun."

Ìjì gbé ife omi kalẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Bàbá gbójú sókè, wọ́n wò ó. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ọmọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lójú gbogbo èèyàn?"

"Lójú gbogbo èèyàn ni, sà. Ó dùn mọ́ wa nínú gan-an."

Àbúrò mi ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí kí wọ́n yin ọmọ rẹ̀.

"Bó bá ti ní èmi ni mo sọ ọ́," ni Bàbá wí, "èmi ni mo sọ ọ́ nìyẹn."

Ẹnjiníà dúpẹ́. Ó ní inú òun dùn, nítorí òun kò fẹ́ ṣi ilé wó. Ó ní katapílà máa wó Ilé Páànù ní ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n lè rí ibi tí àwọn àlejò á máa gbé mọ́tò sí. Sátidé yẹn kan náà ni ọkọ̀ tuntun máa gbéra lọ sí etí òkun. Bó ṣe jáde, tí àbúrò mi sìn ín dé ìta, Ìjì kúnlẹ̀ níwájú Bàbá.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un pé irọ́ ni mo pa?"

Abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́. "Irọ́ kẹ̀?" ni mo wí.

"Kí n wá tú ọ síhòòhò níwájú àlejò?" ni Bàbá dá a lóhùn. "Níbi tí ìyá rẹ wà? Ọmọ mi ni ọ́. Àmọ́ gbọ́ o. Awakọ̀ tó bá ti gba òrùka ti gbéra nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń lé e já a gbà lọ́nà. Òun fúnra rẹ̀ ló máa dá a padà. Ìwọ ló wà lójú irin báyìí."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún wa, ní ṣókí, láìsí igbó, láìsí odò. Nígbà tí ojú irin kọ́kọ́ dé ìlú yìí, kò sí ilé kankan níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ mú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ẹrù onípákó tí ẹ́ńjìnnì máa ń fà, wọ́n yọ ẹsẹ̀ irin rẹ̀, wọ́n gbé e ka orí bíríkì, wọ́n gé fèrèsé kékeré sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyẹn ni ìdíkọ̀ àkọ́kọ́. Ibi fèrèsé yẹn ni bàbá tó bí Bàbá Àgbà ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ba pákó jẹ́, wọ́n kan páànù bò ó, òun náà ni gbogbo wa ń pè ní Ilé Páànù. Ilé Òkúta ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn náà ni.

Ìjì bú sẹ́kún. Bàbá ní kí èmi náà má bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, ẹni tó gbé e lọ ni kó gbé e padà. Èmi ò ní tan yín, inú bí mi sí Bàbá lọ́jọ́ yẹn. Mo rò ó lọ́kàn pé kí àgbà bo ọmọ láṣìírí dára, ṣùgbọ́n bíbò kan wà tó ń fún ọmọ láyè jù. Àmọ́ ta ni èmi tí mo máa bá bàbá mi wí?

"Lọ sọ fún olùkọ́ rẹ," ni mo ń sọ fún Ìjì lójoojúmọ́.

"Lọ́la, Àǹtí. Mo búra, lọ́la."

Lọ́la ń bí lọ́la. Aṣọ aláwọ̀ òkun ti jáde lábẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn aládùúgbò ń kí i lójú ọ̀nà. Olùkọ́ rẹ̀ ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn yòókù. Ìjì kò lè jẹun, búrẹ́dì á tutù sínú tíì rẹ̀. Á wọ yàrá, á jáde, á gba ẹ̀yìnkùlé, á tún padà. Bó bá ti rí Bàbá, á yà gba ibòmíràn. Bàbá kò bá a wí. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń dá a lóhùn, ṣùgbọ́n wọn kò pè é pé kó wá jókòó mọ́.

Sátidé pé. Èmi àti ìyá rẹ̀ sìn ín lọ sí ìdíkọ̀ tuntun. Gbogbo nǹkan ibẹ̀ ń dán. Wọ́n fún Ìjì ní ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Lọ́yà àti àwọn ọmọ kíláàsì yòókù sì ń juwọ́ sí i láti ìta. Ohun tó ń wá láti kékeré rèé, ó ti jókòó lé e lórí. Ó dìde. Ó jókòó. Ó tún dìde, ó yọrí síta.

"Àǹtí, Bàbá dà?"

"Wọ́n ti lọ sí ìdíkọ̀ àtijọ́ láti àárọ̀," ni mo wí. "Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ dágbére fún un."

Ọkọ̀ fọn fèrè. Ìjì wo iwájú, ó wò mí. Ṣé ẹ mọ ojú ẹni tí ebi òkun ń pa, tí ẹ̀rí ọkàn sì ń fa aṣọ rẹ̀? Ilẹ̀kùn ti ń padé lọ nígbà tó fò jáde. Ìyá rẹ̀ figbe ta: "Ìjì! O ya wèrè ni?" Kò dúró. Aṣọ aláwọ̀ òkun ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, èmi náà ká ìró sókè, mo sá tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn wa, ọkọ̀ ojú irin ti gbéra.

Nígbà tí a dé ìdíkọ̀ àtijọ́, katapílà ti bu ẹ̀gbẹ́ kan Ilé Páànù jẹ. Páànù àti pákó wà nílẹ̀, eruku bo gbogbo ibẹ̀. Bàbá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ti ṣí fìlà lórí. Ìjì sá lọ dúró sí iwájú ẹ̀rọ náà, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró!"

"Ṣé ikú ló ń pè ọ́ ni?" ni awakọ̀ katapílà jágbe mọ́ ọn. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ẹnjiníà sáré dé.

"Irọ́ ni mo pa," ni Ìjì wí. Ẹ̀mí rẹ̀ ń sáré, àmọ́ ó sọ ọ́ síta, gbogbo òṣìṣẹ́ ń gbọ́. "Bàbá mi àgbà kò sọ nǹkan kan fún mi nípa Ilé Òkúta. Mi ò dúró gbọ́ tiwọn. Èmi ni mo hùmọ̀ ìyàwó, èmi ni mo hùmọ̀ aago. Ibí yìí ni ìdíkọ̀ àkọ́kọ́. Ọkọ̀ ẹrù ni, páànù ni wọ́n fi bò ó."

Ẹnjiníà yíjú sí Bàbá. "Bàbá, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni," ni Bàbá wí. "Ohun tó sọ báyìí ni òótọ́."

Ọkùnrin náà nu òógùn ojú rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, mo rí i pé ojú ń tì í láti sọ ohun tó fẹ́ sọ.

"Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ sọ bákan fún mi nílé, ẹ tún sọ bákan níbí. Ṣé ẹlòmíràn wà tó lè jẹ́rìí sí i?"

Mo ti dàgbà, mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ nílé ayé yìí, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni béèrè ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ bàbá mi. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá na àsíá láàárín òjò, awakọ̀ á gbé gbogbo èrò inú ọkọ̀ kọjá láìbi í pé ṣé ó dá a lójú.

"Kò sí," ni Bàbá wí. "Èmi nìkan ló kù."

Ìjì fi igbe bọnu. Ó sáré lọ sí ara ògiri tó ṣẹ́ kù, ó fi ọwọ́ lásán di páànù mú, ó ń fà á. Páànù gé e lọ́wọ́, kò fi í sílẹ̀. Awakọ̀ katapílà fúnra rẹ̀ ló bọ́ sílẹ̀, tó mú ọ̀pá irin wá ràn án lọ́wọ́. Páànù ṣí. Lábẹ́ rẹ̀, pákó nínípọn ló jáde, irin ló so wọ́n pọ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ilẹ̀kùn fífà kan sì wà láàárín irú èyí tí ọkọ̀ ẹrù rélùwéè máa ń ní. Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó rí ojú ibi tí ẹsẹ̀ irin ti máa ń wà.

"Ọkọ̀ ẹrù ni lóòótọ́," ló wí. Ó ní kí wọ́n gbé katapílà kúrò.

Ìyókù dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tí katapílà bù jẹ, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì wà, ó sì ti di wẹ́wẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè tò pọ̀ mọ́. Bàbá tẹ̀ síwájú, wọ́n fi ọ̀pá tú pákó wò díẹ̀, wọ́n dé fìlà wọn padà. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé," ni wọ́n wí.

Ìjì kò rí òkun. Ìjókòó rẹ̀ ṣófo dé etí òkun, ó ṣófo padà. Ní ọjọ́ Ajé, olùkọ́ ìtàn mú un dúró níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, Ìjì sì tún sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jẹ́ gan-an. Lọ́yà wà láàárín èrò, ó ń wo bàtà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi òun náà, ó ní, "Ṣé èmi ni mo ní kó gun orí pèpéle?" Ẹ ò rí ọ̀rẹ́? Ẹni tó ní kí o gun igi kì í sí nídìí igi lọ́jọ́ tí o bá já bọ́.

Wọ́n ti tún Ilé Páànù ṣe báyìí, àwọn àlejò sì ń wá wò ó. Ẹnjiníà àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé máa ń wá sọ́dọ̀ Bàbá láti gbọ́ ìtàn ìdíkọ̀. Wọ́n á gbọ́ tán, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì lọ wádìí rẹ̀ níbòmíràn kí wọ́n tó gbà á. Wọn kò ṣe é láti fi Bàbá ṣẹ̀sín. Bàbá mọ̀, wọn kò sì ráhùn.

Ìjì ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn jù. Ó ti ń jókòó ti Bàbá nísinsìnyí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó ń jókòó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, mo gbọ́ tó bi wọ́n léèrè.

"Bàbá, ìgbà wo ni wọ́n á tún máa gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ láìwá ẹlẹ́rìí?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi kó ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn jọ. Mi ò mọ̀ bóyá ọjọ́ tó kù fún mi tó láti tún un kó."

Ìjì kò dìde. Kò sá jáde. Ó jókòó síbẹ̀, ó sì sunkún.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí. Ìkánjú ló bí irọ́ Ìjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ìjì nìkan ló jìyà rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Èyí tí ẹ bá wá fi orúkọ ẹlòmíràn pa, òtítọ́ á bá a tán, orúkọ ẹni ẹlẹ́ni á ṣì wà nílẹ̀ pẹ̀lú àbàwọ́n. Ẹ lè bẹ̀bẹ̀, kí a sì dárí jì yín. Bàbá ti dárí ji Ìjì tipẹ́. Ohun tí Bàbá pàdánù ni ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì rí bí a ṣe máa dá padà fún wọn.